Ẹ̀ṣẹ̀ Ògiri Mi Ni Pé Kò Tíì Wó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i. Ìwé ni mò ń tẹ̀ jẹun ní Ṣómólú nílùú Èkó: ìwé ìpè ìgbéyàwó, rìsíìtì, kàlẹ́ńdà, ètò ìsìnkú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord mi kò bèèrè ju kí ilẹ̀ tó dúró lé tẹ́jú lọ. Ilẹ̀ ọ̀hún gan-an ni wọ́n wá ń fi òòlù ńlá gbá òpó wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí ẹnì kan ti fẹ́ kọ́ ilé ìtajà alájà márùn-ún. Bí òòlù náà bá gòkè tó bá balẹ̀, gìdì! àwọ̀ pupa á gba ibi kan lọ, búlúù á gba ibòmíràn. Ìyá arúgbó kan gbé imú méjì lọ sọ́run nínú ìwé ètò ìsìnkú tí mo tẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá, wọ́n ní kí n dá owó àwọn padà.

Kò pẹ́ sí i, ògiri là láti ẹsẹ̀ fèrèsé dé ìsàlẹ̀. Ìka mi ń wọ̀ ọ́. Aláǹgbá tó ń gbé níta tẹ́lẹ̀ ti di ayálégbé mi, kò sì sanwó.

Òfin kúkú wà. Láti ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá lè fà bá àyíká wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òòlù ti ń sọ̀kalẹ̀ ni àwọn ayẹ̀wò tiwa tó dé, tàwọn ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì wá, tí òòlù ń sinmi! Orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì nìkan ni ẹ̀rọ wọn gbọ́. Mo gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n kọ̀wé pé kó rọra. Wọ́n ka igi máńgòrò, wọ́n sì bèèrè bóyá ẹranko tó ń parẹ́ wà ládùúgbò. Mo ní èmi rèé. Ọmọbìnrin tó mú bírò lọ́wọ́ ní fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún ìyẹn.

Mo lọ bá ẹni tó ni ilé ìtajà náà lórí ògiri mi, ó ní ẹ̀bi kọngílá ni. Kọngílá ní àwọn tó ń gbá òpó wọlẹ̀ ni. Àwọn yẹn ní ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò ni. Ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò ní omi ló wà nísàlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n kọ lẹ́tà sí Ọ̀sà.

Àfi ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ní íńṣọ́ránsì. Láti ọdún 2003 ni òfin ti kàn án nípá: ẹni tó bá ń kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ gbọ́dọ̀ rà á, nítorí jàǹbá tí àìbìkítà bá fà fún òṣìṣẹ́ tàbí ará ìta. Ìyà tí òfin 2003 yẹn là sílẹ̀ nígbà náà fún ẹni tó bá kọ̀ ni 250,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí méjèèjì. (Owó yẹn kò ra ilẹ̀kùn àbáwọlé ilé tí mò ń wí.)

Ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì wọn rán ọ̀gbẹ́ni kan wá wo òfò. Ó kọ́kọ́ bèèrè fọ́tò ògiri náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń ya ògiri ní fọ́tò? Ọmọ rẹ̀ ni? Àwọn tó fẹ́ gbá ilẹ̀ ló yẹ kó yà á! Ó wá ṣí ìwé íńṣọ́ránsì náà sí ibi tí lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé, bí kọ́sítọ́mà bá gbé irú ẹ̀ wá, n kò ní gbà á tẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bó bá jẹ́ gbígbọ̀n ilẹ̀ ló fa òfò, ilé náà tàbí apá kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ wó kí wọ́n tó sanwó. Lílà lásán kò kàn wọ́n.

“Ẹ ṣì ní sùúrù ná, bàbá,” ló wí.

Sùúrù kí ògiri wó! Mo ní bó bá wó lé èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ lórí ńkọ́? Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ìyẹn wà níbẹ̀ dáadáa, ojú ewé kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ kan náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Dádì mi, ẹ jẹ́ ká fi íńṣọ́ránsì dáàbò bo ṣọ́ọ̀bù yín.” Mo gba fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ògiri kankan nínú ilé yìí ti là? Ó wo ògiri, ó wò mí, ó sì rọra gba bírò rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi.