Bí A Ṣe Ń Ṣàníyàn Bí Onígbàgbọ́ Tó Mọṣẹ́

Ìlànà yìí kò sí fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó lè gbàdúrà, kó ṣe "Àmín", kó sì sùn, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí à ń wá ni ẹni tó fẹ́ fi àníyàn ṣe iṣẹ́ ọwọ́, tó sì fẹ́ máa fi orúkọ Jésù ṣe é.

Àkókò ni kí o kọ́kọ́ mú. Aago méjì òru ló dára jù. Lọ́sàn-án, o lè bẹ onílé kó fún ọ láàyè díẹ̀ sí i, o lè lọ bá olùkọ́ tó kọ́ ọmọ rẹ tó gba F9 nínú Ìṣirò, o lè wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ fíísà dé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán kò fi wúlò fún wa. Lóru, kò sí ọ́fíìsì tó ṣí, kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù, gbogbo ìṣòro á sì tò síwájú rẹ bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Bí oorun bá fẹ́ gbé ọ lọ, tan fóònù. Ẹnì kan á ti fi ìran wòlíì kan sórí WhatsApp ìjọ, pé ikú ń rìn kiri lóṣù yìí, pé kí o fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kó má baà yà sílé rẹ. Fi ránṣẹ́. Àwọn mẹ́wàá náà kò gbọdọ̀ sùn.

Nígbà náà ni kí o wá gbàdúrà, ṣùgbọ́n ó lọ́nà tí à ń gbà ṣe é. Má tọrọ ohun kan pàtó. Ẹni tó bá sọ fún Ọlọ́run pé, "Baba, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ló kù nínú owó ilé, mi ò sì mọ ibi tí màá ti rí i," ti sọ̀rọ̀ tán, ara rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ìwọ ní tìrẹ, pariwo. Dárúkọ ọ̀tá ilé bàbá, dárúkọ ti ilé ìyá, kí o sì fura sí ìyá ọkọ rẹ tó bèèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí o rù báyìí. Bí o bá ṣe "Àmín" tán, gbé ẹrù rẹ, máa gbé e lọ sílé. Pétérù ní ká kó gbogbo rẹ̀ lé Olúwa lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò sọ pé ká má padà lọ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹsẹ Bíbélì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n má ka ju ẹyọ kan lọ. Fílípì 4:6 ni kí o mú, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní ká má ṣàníyàn, kí o sì máa fi na ara rẹ. Kíka ìwé náà tán léwu. Wàá rí i pé inú ẹ̀wọ̀n ni ọkùnrin náà ti kọ ọ́. Wàá rí i ní orí kejì pé ó ń rán Ẹpafíródítù padà sílé kí ìbànújẹ́ òun alára lè fúyẹ́. Bí o bá sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ ní orí kẹrin yẹn kan náà, wàá bá a níbi tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ fún ẹ̀bùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nínú ìpọ́njú rẹ̀. Ó tiẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ gbogbo ìjọ ń wọ òun lọ́rùn. Bí irú ìmọ̀ yìí bá tàn kálẹ̀, ta ni yóò tún máa tijú?

Sá fún orí 19 nínú Àwọn Ọba Kìíní pẹ̀lú. Èlíjà sá fún Jésíbẹ́lì, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Kò sí ẹni tí ọ̀run rán wá bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Áńgẹ́lì gbé àkàrà àti omi kalẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún fún un ní oúnjẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ àti oorun, àti ìrìn àjò gígùn, ni Ọlọ́run tó bi í léèrè ohun tó wá ṣe. Mo mọ alàgbà tí ì bá tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe fún áńgẹ́lì: àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìfomi kan ẹnu. Ìwọ tí o ní ọgbẹ́ inú, ti alàgbà ni kí o tẹ̀ lé.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ bá bi ọ́ pé, "Sístà, ṣé kò sí?", rẹ́rìn-ín, kí o ní, "Àlàáfíà ni." Obìnrin ará Ṣúnémù ló fi kọ́ wa, nígbà tí òkú ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn. Má jẹ́ kí wọ́n rán ọ létí pé ojú ọ̀nà ló wà nígbà tó dáhùn bẹ́ẹ̀, pé ọ̀dọ̀ Èlíṣà ló ń sáré lọ, àti pé nígbà tó débẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ìdajì ìtàn tó wa.

Bí ó bá wá pẹ́ tí àyà ń já, tí oorun kò wá, tí oúnjẹ ń korò lẹ́nu, ra òróró sí i. Má yà sí ilé ìwòsàn. Thomas Adéoyè Lambo, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwòsàn Aró ní 1954: àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n ń padà sílé. Ayé gbọ́ ọ. Àwa tó ni ín sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú. Ẹ jẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè máa bẹ̀rù kí wọ́n má rí òun ní ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá sì dárúkọ Lúùkù, oníṣègùn tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, sọ fún un pé ayé ìgbà yẹn nìyẹn.

Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ̀yin nìkan lẹ lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá jáde síwájú lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, tó ní òun ò rí oorun sùn mọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbọ́wọ́ lé e lórí, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Tí àdúrà bá parí, ẹ yan ẹnì kan tí yóò sìn ín lọ rí dókítà.