Bí Mo Ṣe Ti Gbèsè Wọ Inú Ìwé Ìkíni

Aago méjì òru kò tíì lù nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston ni. Wọn kò kí mi. Àwa tí wọ́n ń fi ìkíni pè lórúkọ, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Okun nítorí pé "okun" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa bí a bá pàdé èèyàn!

"Kí ni orúkọ ìyá mi ń wá láàárín àwọn ajigbèsè, nínú ìwé ìkíni wa?"

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Wọ́n tún un sọ. Oorun dá lójú mi.

Ìwé ìkíni yẹn, ojú ewé kan ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwa mẹ́ta nínú ẹbí ń kó ọ̀rọ̀ jọ sí: bí àwa Owé ti Kabba ṣe ń kíni, bí àwọn Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ṣe ń sọ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló dá repo rẹ̀, ìyẹn àpótí iṣẹ́ náà, sílẹ̀ lórí ìkànnì GitHub. Àbúrò wa tó ń kàwé ní Lọ́kọ́jà ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Bùnú. Èmi wà ní Kabba, mo sì ti fi ara mi jẹ ọ̀gá, torí pé èmi ni mo wà nílé.

Git la fi ń tọ́jú iṣẹ́ náà, kí ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ lónìí lè padà sí ti àná. Linus Torvalds, ọmọ Finland tó ṣe Linux, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2005. Ọkùnrin náà ti fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé orúkọ ara òun lòun fi ń sọ iṣẹ́ òun, Linux ṣáájú, Git tẹ̀ lé e. Lẹ́nu àwọn ará ìlú Ọba, aláìníláárí èèyàn ni git. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi yìí, kò sí ẹni tí orúkọ náà yẹ jù mí lọ.

Iṣẹ́ wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lókèèrè. Ibi tó wà lókèèrè yẹn ni remote. Àdírẹ́sì rẹ̀ gùn bí ọ̀nà oko, nítorí náà Git máa ń sọ ọ́ lórúkọ kúkúrú. Bí o bá ti da iṣẹ́ kọ láti ibì kan, "origin" ni yóò máa pe ibẹ̀. Èmi rò pé ibì kan pàtó ni origin, tó dá dúró bí ọ̀run. Irọ́ ni o. Orúkọ tí ìyàwó ilé ń fún àwọn ọmọ ọkọ ni. Ìyàwó tibí ní Akọ́wé tirẹ̀, ìyàwó ọ̀hún náà ní Akọ́wé tirẹ̀. Bí o bá rán ọmọdé lọ sọ́jà pé kó gbé ẹrù fún Akọ́wé, tí o kò sọ ti ilé wo, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ni ẹrù.

Ẹ má rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí origin fojú mi rí màbo. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ọdún 2021, GitHub dẹ́kun gbígba pásíwọ́ọ̀dù fún Git. Wọ́n ti kéde rẹ̀ tipẹ́; ta ló ń ka ìkéde? Mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù títí ìka fi ń ta mí, mo yí i padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì pe àbúrò mi ní olè. Nígbà tí mo gbọ́ pé token ni wọ́n ń béèrè dípò pásíwọ́ọ̀dù, mo gba ọ̀kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àdírẹ́sì origin, ó sì ṣiṣẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, mo fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí, kọ́kọ́rọ́ ilé mi gbalaja nínú rẹ̀. Àbúrò ìyá mi kan dáhùn pé, "Àmín."

Ìgbà kan tún wà tí mo fẹ́ fi set-url yí àdírẹ́sì náà padà, tí mo kọ gihtub dípò github. Git kò sọ nǹkan kan. Kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi tí o dárúkọ wà láyé. Bí o bá ṣe pè é ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ ló tó ní òun kò mọ ilé náà. Mo ní ẹjọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ra dátà, mo pààrọ̀ síìmù, mo tún ra dátà. Mo gun àpáta ẹ̀yìn ilé wa, láptọ́ọ̀pù lórí bí àtẹ ọjà, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi. Lókè níbẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dẹ́múdẹ́mú, mo tilẹ̀ wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Gihtub kò yọjú.

Ó wá kan ti gbèsè. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ládùúgbò ní kí n ṣe ojú ewé kan tí akápò nìkan yóò máa rí, láti fi mọ ẹni tó yá owó ajílẹ̀ tí kò tíì dá a padà. Ọ̀lẹ ni mí. Mo da fódà ìwé ìkíni kọ odindi, mo pa àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́, mo kọ gbèsè dípò wọn. Fódà kékeré kan fara pamọ́ sínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní .git, ibẹ̀ sì ni origin ń gbé. Mo kó ẹrù kúrò nílé àtijọ́, n kò mọ̀ pé mo di eku ilé mọ́ ọn.

Mo kọ git push, àṣẹ tó ń ti iṣẹ́ lọ sókèèrè. Git kọ̀. Ó ní iṣẹ́ kan wà lọ́hùn-ún tí n kò ní lọ́wọ́, kí n kọ́kọ́ lọ gbà á. Mo rẹ́rìn-ín. Remote tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí láàárọ̀, iṣẹ́ ta ni yóò ti débẹ̀? (N kò so fódà náà mọ́ ọn rárá, mo kàn rò pé mo ti ṣe é ni.) Mo fi --force kún un, kó fi ipá wọlé. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo lọ jẹ iyán.

Ìkíni Bùnú tí àbúrò mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó jọ ló wà lọ́hùn-ún. Mo ti tì í dànù. Nígbà tó sì jẹ́ pé ohunkóhun tó bá wọ repo yẹn ni GitHub ń gbé jáde fún aráyé, ẹni tó bá wá wo bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ìkókó ní Ìjùmú lálẹ́ ọjọ́ náà, ajigbèsè mẹ́tàdínlógójì ni yóò bá níbẹ̀, pẹ̀lú iye tí oníkálukú jẹ àti ọjọ́ tó dá. Ìyá ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe ìkẹta: ₦45,000.

"Bùrọ̀dá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ìwọ ni kó o má fọwọ́ kan nǹkan kan! Kọ git remote -v, kó o ka ohun tó gbé jáde sí mi létí."

Kò sí iná. Mo fi ìmọ́lẹ̀ ojú láptọ́ọ̀pù wá jígí mi. Ìlà méjì péré ló jáde, ọ̀kan fún gbígbà, ọ̀kan fún títì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: origin, https, github.com... Mo wá dé ibi orúkọ ẹni tó ni ín. Orúkọ wọn ni. Mo kà á fún wọn. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà lórí fóònù náà, owó káàdì wọn ló ń jẹ, ṣùgbọ́n n kò láyà láti sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti ojú ewé náà pa lójú ẹsẹ̀. Ti ìkíni Bùnú ló kù. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n mi ti gba iṣẹ́ gbẹ̀yìn, ọwọ́ àbúrò wa nìkan ni odindi rẹ̀ wà. Ayọ̀ Git nìyẹn: ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ oníkálukú ló gbé gbogbo ìtàn dání, kì í ṣe ti òkèèrè nìkan. Mo pe ọmọ náà títí ilẹ̀ fi mọ́, fóònù rẹ̀ kú. Ó ti wọkọ̀ Kabba láàárọ̀, àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì sì dí i mọ́nà ní Obajana. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé.

"Okun o. Ṣí hotspot."

Kò jókòó. Bátìrì rẹ̀ ku mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Git remote -v ló kọ́kọ́ kọ, ó fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ìyá arúgbó tó ń ka Bíbélì, ó tó wá ti iṣẹ́ rẹ̀ padà. Bùnú dé. Lẹ́yìn náà ló gba láptọ́ọ̀pù mi lọ́wọ́ mi, tó yí orúkọ origin inú fódà gbèsè náà padà sí ma-fowo-kan-an.

Ìyá ẹ̀gbọ́n mi wọlé nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní akápò sọ fún àwọn pé ọmọ àwọn ti san gbèsè náà láti Amẹ́ríkà kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn kò sọ fún un. Ta ló sọ ọ́?

Àbúrò mi gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Mo ní, "Origin ni, mà."

"Origin." Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. "Ọmọ ta ni, ní Kabba yìí?"