Baálé Gé Ọkọ̀

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ fa àpótí yín súnmọ́ ibí, kí ohùn mi má baà ré kọjá sí yàrá Ìyálé. Gbogbo Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn yìí ló ń sọ pé orí Baálé wa ti dàrú, pé ó mú ọkọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, ó ní kí wọ́n gé e sí méjì. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Orí rẹ̀ pé ju tiwọn lọ. Ojú mi ló ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àfi ìgbà tí mo wọlé lọ ro àmàlà. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, àbùlà ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló fà á. Ẹ mọ̀ pé tí ènìyàn bá kúrò ní títì tó fẹ́ wọ agbo ilé wa, yóò gba ẹ̀gbẹ́ ilé alágbẹ̀dẹ, yóò yà sọ́tùn-ún níbi ògiri Bàbá Oníbàtà, kò ì tíì mí délẹ̀ tí yóò tún fi yà sósì nídìí àwọn ẹlẹ́kọ. Ẹsẹ̀ àti ẹṣin ni àwọn tó la ọ̀nà yẹn fojú sùn. Jagunjagun ni wọ́n, ilé wọn fara ti ara wọn kí ọ̀tá má baà ráyè sá wọlé. Ta ni yóò sọ fún wọn pé mọ́tò ń bọ̀? Ọdún 1901 ni rélùwéè ti Èkó dé Ìbàdàn, 1906 sì ni òyìnbó la títì mọ́tò láti ibí lọ sí Ọ̀yọ́. Sálámì Àgbájé pàápàá, tó wà lára àwọn ọmọ Ìbàdàn tó kọ́kọ́ fi mọ́tò ṣòwò, Ayéyé ló kọ́lé sí, kò bá wa há ara rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ yìí. Bàbá Oníbàtà ní ògiri òun ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, pé Taffy Jones tó kọ́ Mápó wá wo ògiri náà kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń mọlé. Ẹ jẹ́ kó máa wí. Owó ẹ̀kọ mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti Ilẹ̀yá, kò rántí ìyẹn o, Taffy Jones ló rántí.

Ọkọ̀ Baálé ńkọ́? Land Rover ni, píkáàpù, Series III, èyí tó gùn. Ìgbà tó ṣì ń ra kòkó ló rà á. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé òkè òkun ni gbogbo mọ́tò ti ń wá. Láyé ìgbà náà, Peugeot ń to mọ́tò ní Kàdúná, Volkswagen ń tò ó ní Èkó, Steyr wà ní Bauchi, Fiat wà ní Kánò, ANAMMCO ń to Mercedes ní Enugu, Leyland sì wà ní Ìbàdàn níbí, wọ́n ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover. Ìdí nìyí tí Baálé fi máa ń sọ pé ọmọ Ìbàdàn ni ọkọ̀ òun, pé a kì í ti ọmọ onílé mọ́ ìta sùn. Bẹ́ẹ̀ ìta títì ló ń sùn lóòótọ́, nítorí kò lè yà níbi ògiri yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ tú bátìrì rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, wọ́n tú sàláńsà. Táyà tó gbé pọ̀n sẹ́yìn náà bá wọn lọ. Baálé ń ra òmíràn rọ́pò wọn.

Àwọn ènìyàn rò pé olè ni Baálé ń sá fún. Ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Olè kọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọ̀hún tí mo máa ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá a nínú ẹ̀yìn píkáàpù yẹn lóru, òun àti àkọ́bí Bàbá Oníbàtà, wọ́n ní àwọn ń ka ìwé ìdánwò. Nínú òkùnkùn! Ìwé wo ni wọ́n ń fi ọwọ́ kà? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Baálé dìde, ó ní dandan, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé.

Wọ́n kọ́kọ́ bẹ Bàbá Oníbàtà pé kó jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ igun ògiri rẹ̀ díẹ̀. Ó yarí. Ó ní ògiri bàbá òun kò ní tìtorí àgékù irin wó. Ìgbà yẹn ni Akọ̀wé dá sí i. Ẹ mọ àbúrò ọkọ mi tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí kì í bọ́ awò ojú rẹ̀ kódà tó bá ń jẹun. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ọ̀nà kò bá fẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kúrú. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.”

Ó gbé ìwé ńlá kan jáde. Ó ní irú méjì ni Series III: ọ̀kan, láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ íǹsì 88, èkejì jẹ́ íǹsì 109. Ó ní bí kúkúrú bá fẹ́ yí po, ẹsẹ̀ bàtà 38 ló ń gbà, ṣùgbọ́n gígùn ń gba 45. Yọ 88 kúrò nínú 109, 21 ló kù. Íǹsì 21 péré ló dúró láàárín ọkọ̀ Baálé àti ilé. Ó wá wọnú ìtàn lọ, a ò rí i fà jáde mọ́: pé Maurice Wilks, ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ Rover, ló fi igi ya ọkọ̀ náà sórí yanrìn etíkun ní Anglesey ní 1947, pé wọ́n gbé e jáde ní Amsterdam lóṣù kẹrin 1948, íǹsì 80 ló sì jẹ́ nígbà náà, pé wọ́n ń fà á gùn díẹ̀díẹ̀ títí 88 àti 109 fi dé ní 1956. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, “Òyìnbó fi kún un, wọn ò bi wá. Bí àwa bá yọ níbẹ̀, ta ni yóò bi wá?”

Baálé gbà. Wẹ́dà tí wọ́n pè, Bẹyẹrúnkà ló ti wá. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ni ó ń bá a sọ ọ́, èmi àti ìyàwó ọ̀hún sì jọ ń lọ sí ọjà Ọjà'ba, ibẹ̀ ni mo ti mọ iye tó gbà. Èyí tí Baálé ń pariwo kiri kọ́ o. Wẹ́dà ní òun kò ní gé irin tó tóbi tó yẹn láìjẹ́ pé Ògún gbọ́ sí i. Wàhálà dé! Àlùfáà ní Alhaji ni Baálé, ajá kò gbọdọ̀ kú lójúde rẹ̀. Wọ́n fà á títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìyálé ló yanjú rẹ̀. Ó ní ṣebí Ògún ń jẹ èsun iṣu, ta ni iṣu sísun ṣẹ̀? Wọ́n sun iṣu, wẹ́dà gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irinṣẹ́. Nígbà tí ẹ ó fi wẹ̀yìn, Àlùfáà ti jẹ mẹ́ta, ó ń béèrè epo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé gígé niṣẹ́, ẹ jókòó. Ṣásí ni egungun ọkọ̀: irin gígùn méjì tó nà láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí àwọn ìdábùú irin so pọ̀ bí àkàbà. Inú irin náà ṣófo. Akọ̀wé ní irin pẹlẹbẹ mẹ́rin ni wọ́n jó pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan láti iléeṣẹ́, nítorí náà, jíjó kì í ṣe àjèjì sí i. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀, nítorí irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun Hitler. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, ìyẹn ni ara ọkọ̀ fi máa ń dán nígbà tí egungun ń jẹrà lábẹ́. Wẹ́dà fi òòlù kan ṣásí náà láti iwájú lọ, ó ń dún ganran-ganran. Nígbà tó kọjá ibi ìjókòó díẹ̀, ohùn yí padà, ó ń dún bọ̀, bọ̀. Ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ láti inú ihò. Ó wo Baálé, ó ní, “Bàbá, ẹ bá à gé e, ẹ ò bá à gé e, ibí yìí ò ní pẹ́ dá.” Baálé kò lè fèsì. Ibi tí íǹsì 21 yóò ti kúrò náà ni ibi tó jẹrà.

Wọ́n tú ẹ̀yìn píkáàpù kúrò. Wọ́n tú táǹkì epo, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n já bátìrì. Akọ̀wé ń sáré kiri pé nọ́ńbà ṣásí wà níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún nídìí sípíríǹgì, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iná kàn án, kí àwọn VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò má baà sọ pé ọkọ̀ olè ni. Wọ́n fi jáàkì gbé e, wọ́n fi ìtì igi ṣe é ní ìdúró, wọ́n jó irin gígùn méjì dábùú lé e lórí kí ó má baà tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gé e. Wẹ́dà fi ṣọ́ọ̀kì fàlà. Kò fà á tààrà o, ó gé e ní àtẹ̀gùn, kí ojú jíjó má baà wà lójú kan náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù yóò ti ṣẹ́ ẹ. Ó tún ki irin pẹlẹbẹ mìíràn bọ inú ihò náà, kí apá iwájú àti apá ẹ̀yìn lè di í mú láti inú.

Wọ́n ti ẹ̀yìn súnmọ́ iwájú, ó bá ojú ara mu. Ìyẹn ni Baálé fi pàtẹ́wọ́, ó ní kí wọ́n jó o kíákíá. Wẹ́dà kàn jó o ní ẹ̀kán, ẹ̀kán. Ó na tẹ́ẹ̀pù láti igun iwájú ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn òsì, ó kọ ọ́ sára ògiri. Ó nà án láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún, ó tún kọ ọ́. Ààbọ̀ íǹsì ló fi ju ara wọn. Baálé ní, “Ààbọ̀ íǹsì lásán!” Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ bá tún lanu, ó ní, “Bàbá, bí mo bá jó o báyìí, ọkọ̀ yín á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn títí tí ẹ ó fi tà á. Iwájú á dojú kọ Mápó, ìdí á máa lọ sí Ọjà'ba.” Ẹ̀rín pa mí débi tí àmàlà mi fi di kókó. Ó já àwọn ẹ̀kán náà, ó fi jáàkì ti ìdábùú díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ̀n, ó ń tì, títí òǹkà méjèèjì fi dọ́gba. Ó wá ń jó o: díẹ̀ lápá ọ̀tún, díẹ̀ lápá òsì, kí ooru má baà fà á wọ́. Iná lọ. Gbogbo wa jókòó. Iná dé, ó ń bá a lọ.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé purọpẹ́là lọ fún ẹni tó ní léètì. Òun ni páìpù tó ń gbé agbára lọ sí ìdí ọkọ̀, òun náà gbọ́dọ̀ kúrú bí ṣásí ti kúrú. Ẹni yẹn gé e, ó jó o, ó yí i lórí ẹ̀rọ kó rí i pé kò wọ́, nítorí purọpẹ́là tó bá wọ́ yóò máa gbọn gbogbo ọkọ̀ jìgìjìgì. Wọ́n ṣe páìpù búréèkì tuntun, wọ́n gé sàláńsà, pánẹ́bítà sì wá gé ibi ẹrù kúrú. Irin méjèèjì tó jẹrà, Ìyálé ti kó o lọ fi ṣe ìdáná. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e gun òkè Mápó, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún ní gbogbo kòtò, nítorí ọkọ̀ kúkúrú kì í fara balẹ̀ bíi gígùn. Baálé sọ̀ kalẹ̀, ó di ìbàdí mú, kò sì jẹ́wọ́ pé ó dun òun. Ṣùgbọ́n níbi ògiri yẹn, ó yà fẹ̀rẹ̀, ó tún yà, ó wọ gbàgede wa! Àwọn ọmọdé hó yèè. Bàbá Oníbàtà dúró lójú fèrèsé, ó ní, “Ṣé mọ́tò nìyẹn àbí bárò?” Baálé kò dá a lóhùn.

Òjò tó tẹ̀lé e, tó jà pẹ̀lú atẹ́gùn, òrùlé Bàbá Oníbàtà ló ṣí lọ. Ó ra pánù, ẹlẹ́rù já a sí títì, ó ní òun kò lè wọ ihò yẹn. Ta ni ọkọ̀ rẹ̀ ń yà níbi ògiri? Mo rí Bàbá Oníbàtà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Baálé, tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Àgbà ni Baálé, ó ní kí wọ́n lọ kó o. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gé láàárín, ẹ̀yìn ló ti san án: pánù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ yọ ìrù jáde gbọọrọ. Akọ̀wé ní ẹ̀yìn tó yọ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní aṣọ pupa, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà forí gbá a.

Àkọ́bí Bàbá Oníbàtà ló fa aṣọ pupa yọ lápò rẹ̀, tó so ó mọ́ ọn. Ọkọ̀ wọlé, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́, Ìyálé wò ó, ó súnmọ́ ọn, ó tú aṣọ náà, ó nà án sókè. Gèlè Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó rà ní Gbági ni. Ọkọ̀ ti ń sùn nílé láti ìgbà wo! Ibo wá ni wọ́n tún ti ń ka ìwé? Ẹ rọra, òun ló ń bọ̀ yẹn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹ káàbọ̀ o, a kàn ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ Baálé ni.