Ọ̀gbẹ́ni Ìgbà-Tiwa

Ẹ óò bá a ní ọ́fíìsì, ẹ óò bá a ní ilé ọtí. Kò sí ìlú tí kò sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé dáadáa ní ogójì ọdún, irun iwájú ti sá sẹ́yìn, ẹjọ́ kan ṣoṣo ló sì ń rò: orin ti kú. Ẹ bi í léèrè ìgbà tó kú, á ní 1999. Ní 1999 ni òun náà pé ọmọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n kò tíì wá sí i lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ méjèèjì lè tan mọ́ra.

Síídì Now That's What I Call Music ni Bíbélì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Virgin àti EMI ló dá a sílẹ̀ ní 1983, láti máa kó orin tó gbòde pọ̀ sójú kan kí wọ́n lè tà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ara pátákó ìpolówó ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ti pẹ́ ni wọ́n ti yọ orúkọ náà: ẹlẹ́dẹ̀ ló ń gbádùn orin adìyẹ níbẹ̀. Ẹ má sọ fún un o. Now 44, tó jáde lópin 1999, tà ju mílíọ̀nù méjì lọ, kò sì sí èyí tó tà tó o nínú gbogbo wọn. Á máa fi èyí yangàn bí ẹni pé òun ló ṣe é.

Èyí tó ń bí mi nínú jù nìyí. Orin kò gbọdọ̀ parí níbi tó bá wà kó má bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀lé e nínú síídì. Ní ilé ìtajà, á bẹ̀rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó, á na ìka sókè pé ká dákẹ́, á dúró díẹ̀ bí síídì ṣe máa ń dúró, á wá ké e. Bí DJ bá gbé òmíràn sí i, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n já ìlù gbà lọ́wọ́ rẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n tò ó!" Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti fi Angels tí Robbie Williams kọ ní 1997 sìnkú. Ó parí, gbogbo ilé pa rọ́rọ́, opó ń nu ojú, Ọ̀gbẹ́ni Ìgbà-Tiwa sì ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó ń kùn orin tó kàn. Òkú wà nílẹ̀ o! Ta ló tilẹ̀ to orin inú síídì náà? Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni, wọ́n wo èyí tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn àti èyí tí wọ́n lè rí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìwé àdéhùn ló to ìgbà èwe rẹ̀ fún un, ìyá rẹ̀ ló sanwó rẹ̀ ní Woolworths.

Òpùrọ́ sì ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Steps jáde ní 1997, ó wà lára àwọn tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́; ọmọ Oasis lòun nígbà náà. Kásẹ́ẹ̀tì àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń pè ní tirẹ̀ báyìí.

Ọmọ rẹ̀ fi Wizkid sí i nínú ọkọ̀, ó pa á: orin àjèjì ti pọ̀ jù. Àwọn olórin tirẹ̀ ńkọ́? Denmark ni Aqua ti wá, Netherlands ni Vengaboys ti wá. Ohùn Lighthouse Family tó ń pa á lẹ́kún nínú ọkọ̀ kan náà, ohùn Tunde Baiyewu ni, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London.

Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì Oasis jáde lópin oṣù kẹjọ 2024, tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró fò láti nǹkan bíi £150 lọ sí ohun tó ju £350 lọ nígbà tí èrò ṣì wà lórí ìlà, ó san án, kò wí nǹkan kan. Tíkẹ́ẹ̀tì ti ọmọ rẹ̀ ló ní ó wọ́n jù. Ẹ̀yin tí ẹ bá bá a wọ ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e fún ọmọ náà.