InSight, Agbẹ́kànga Tí Kò Gbẹ́ Kànga

InSight, bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ ní Ọjà'ba, yáa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìwọ la fi ń ṣẹ̀fẹ̀ lónìí.

Ìwọ ẹ̀rọ tí wọ́n rán lọ sí Mars, 814 mílíọ̀nù dọ́là ni Amẹ́ríkà ná lé ọ lórí. Owó tí Faransé àti Jámánì dá kò sí níbẹ̀ o. O rìnrìn àjò fún oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀. Ní 26 Oṣù Kọkànlá 2018, o balẹ̀ sórí Mars, ní Elysium Planitia, ilẹ̀ pupa tó dógùn-ún bíi páànù tí à ń wò láti orí òkè Mápó. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ọmọ onílẹ̀ kan tó máa wá gbowó lọ́wọ́ rẹ. Lára iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ọ́ ni kí o gbẹ́ ihò mítà 5, kí wọ́n lè mọ bí inú ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gbóná tó. Mítà 5! Ní Bẹyẹrúnkà, agbẹ́kànga tó bá dé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ọ́ léèrè owó ẹ̀kọ àárọ̀ ni.

Ìwọ dé ọ̀hún, o yọ irin kan tí àwọn ará Jámánì rọ, kò gùn ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, òòlù wà nínú rẹ̀ tó ń gbá a wọlẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ẹranko kan tó ń gbẹ́lẹ̀ bí òkété. Òkété ì bá gbọ́, kóòtù Mápó ni wọn ì bá ti pàdé.

Oṣù Kejì 2019 lo bẹ̀rẹ̀. Gbà! Gbà! Gbà! Ó wọlẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Àfi kí yẹ̀pẹ̀ di irin náà mú kó tó lè rí ẹsẹ̀ tẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ọ̀hún kò sì dì í mú, ló bá ń jó lójú kan. Nígbà tó di Oṣù Kẹwàá, ó tún ń padà jáde! Ta ló ti rí agbẹ́kànga tí kànga ń pọ̀ sókè rí? Wọ́n ní kí o fi apá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, o tì í. Wọ́n ní kí o tẹ̀ ẹ́ lórí, o tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa káwọ́ lérí ní Oṣù Kìíní 2021, orí irin kò wọlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 lọ.

Bẹ́ẹ̀, ní 3 Oṣù Kẹwàá 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo nítòsí Zagami, nílẹ̀ Katsina, òkúta kan já bọ́ láti ojú ọ̀run, díẹ̀ báyìí ló kù kó bà á. Ó wúwo tó kìlógíráàmù 18. Ọmọ Mars ni. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló tú àṣírí ilé. Ihò bí 60 sẹ̀ǹtímítà ló gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbowó, kò béèrè ẹ̀kọ.

Ọ̀rọ̀ sòlà rẹ wá ńkọ́? Ẹni tó bá ní sòlà ní Bẹẹrẹ mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti dé, ọmọ kan á gun òrùlé tòun ti àkísà. Gbogbo owó yẹn, wọn ò rí àkísà kan fún ọ! Ní 2021, wọ́n ní kí o bu yẹ̀pẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sòlà, kí atẹ́gùn fi yẹ̀pẹ̀ gbá eruku lọ. Èyí tó bí mi nínú ni pé ó ṣiṣẹ́ díẹ̀. (Mi ò níí rẹ́rìn-ín jù níbí. Sátẹ́láìtì tiwa, NigComSat-1, 2007 la gbé e lọ, wàhálà sòlà ló pa á ní 2008.)

Òfófó nìkan ni mo gbà fún ọ. Etí tí àwọn ará Faransé ṣe fún ọ, o lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, o gbọ́ ìgbà tó lé ní 1,300 tí ilẹ̀ Mars mì tìtì. Ní 24 Oṣù Kejìlá 2021, báńgà Kérésì ń dún ní Bẹẹrẹ, ìwọ náà gbọ́ tìrẹ: òkúta já lu Mars, ó gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní mítà 150. Òkúta tún ni o!

Eruku pa ọ́ ní Oṣù Kejìlá 2022. Bí wọ́n bá tún fẹ́ gbẹ́ ihò níbẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ rọ irin kankan mọ́. Èérún òkúta Zagami yẹn kan wà nínú Mars Global Surveyor tí wọ́n rán lọ ní 1996. Ọkọ̀ náà ti kú, ó ṣì ń yí Mars po. Kí wọ́n já a sílẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ lọ.