Táyà Ẹlẹ́rẹ̀ Lórí Títì Ọlọ́dà

Ẹ wo àwọn jíìpù ńláńlá ní Lẹ́kí: táyà ẹlẹ́rẹ̀, M/T, ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, àlàfo ojú rẹ̀ fẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́ bó ti ń yí. Ẹrẹ̀ wo? Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni wọ́n ń lọ. (Àgbàrá Lẹ́kí kì í ṣe ẹrẹ̀ o, ọkọ̀ ojú omi ni tibẹ̀ ń fẹ́.) Lórí ọ̀dà, táyà náà á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, á sì máa fa epo mu.

Awakọ̀ tó ń kó kòkó jáde l'Ídànrè lásìkò òjò ni irú rẹ̀ yẹ. Àmọ́ táyà tòkunbọ̀ tó ti dán ló ń lò.

Ẹni tó ń rin ọ̀dà àti erùpẹ̀, táyà A/T, ti gbogbo ilẹ̀, tó o. Kó ṣáà wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT lára táyà kó tó rà á: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Fọkanáísà á ní, "Ọ̀gá, tuntun ni." Tuntun lójú ọ̀gá ni.