Ọwọ́ Tó Lọ Sókè Tí Kò Wálẹ̀

Òkè òkè lọwọ́ afúnni ń gbé, làwọn àgbà wí, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn ò dúró de ìkórè ìjọ wa. Ọwọ́ tó wà lókè níbẹ̀ ju èyí tí wọ́n rò lọ: ọ̀tún di ẹ́ńfẹ́lọ́ọ̀pù mú, òsì gbé fóònù tó ń ya fídíò ẹ́ńfẹ́lọ́ọ̀pù náà.

Alága ìkórè kì í bá wa bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Ẹ̀yìn ìwàásù ló ń wọlé, nítorí wọn ò torí ìwàásù pè é. Olùdarí ètò á kì í, onílù á sọ ọ́ di ọmọ ẹkùn, òun náà á kéde mílíọ̀nù kan náírà. Ìjọ á hó yèè. Ìyá aláta tó ti rọra ju ẹgbẹ̀rún kan sínú àpótí láàárọ̀ á bá wọn hó. Tí ìsìn bá parí, mílíọ̀nù á wọ inú ìwé akápò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ́, ibẹ̀ náà ni ọdún tuntun á ti bá a. Owó aláta ló ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tó jẹ́ kí ohùn alága dún.

Ohun tó gbé ọwọ́ afúnni sókè nínú òwe ni pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ ẹlòmíràn. Èyí tó lọ sókè tí kò wálẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń dá dánfó dúró ni.

Àwọn kan wà tí ọwọ́ tiwọn ń wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èlé ló ń wá. Wọ́n á gbin irúgbìn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́jọ́ Ìsinmi, ó di Ọjọ́rú, wọ́n ti ń bi Ọlọ́run léèrè ìkórè. Ètò ìdókòwò MMM tó gbòde ní 2016 ṣèlérí èlé ìdá 30 nínú 100 lóṣù, kó tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn lóṣù Kejìlá ọdún náà. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ni ti oníwàásù irúgbìn. Sogúndogójì ni méjèèjì. Ti orí pẹpẹ kàn ní àmín lẹ́yìn ni.

Ẹ̀jẹ́ àìsan kì í ṣe àrùn tuntun ṣá. Láyé àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù, láti ọdún tó ṣáájú làwọn ará Kọ́ríńtì ti ṣèlérí pé àwọn yóò fowó ránṣẹ́ sí àwọn onígbàgbọ́ tí ìyà ń jẹ ní Jerúsálẹ́mù. Pọ́ọ̀lù ti fi wọ́n yangàn ní Masedóníà. Àwọn ará Masedóníà, tí òṣì ń bá fínra, mú tiwọn wá. Kọ́ríńtì ṣì ń fà á. Ni Pọ́ọ̀lù bá rán Títù àti arákùnrin méjì ṣáájú, kí ojú má baà tì í. Bẹ́ẹ̀ ó ti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe ṣe é: lọ́jọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, kí kálukú yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tó. Nílé o, láìsí onílù. Kò sì gbà láti nìkan gbé owó náà lọ. Ó ní kí ìjọ yan àwọn tí yóò gbé e. (Ẹ̀yin tí àkáǹtì ìjọ wà lórúkọ ẹ̀yin àti ìyàwó yín, ẹ má bínú sí wa.)

Díẹ̀díẹ̀ báyẹn ni ìlawọ́ fi ń dàgbà. John Wesley sọ̀rọ̀ nínú ìwàásù kan nípa Mẹ́tọ́díìsì kan ní Oxford tó ń gba 30 pọ́n-ùn lọ́dún. Ó fi 28 gbọ́ bùkátà, ó fi 2 tọrẹ. Lọ́dún kejì owó rẹ̀ di 60. 28 náà ló ná, ó fi 32 tọrẹ. Ó di 90, ó fi 62 tọrẹ. Ó di 120, àwọn tálákà gba 92. Ní tiwa, owó oṣù ti lé, mọ́tò ti yàtọ̀, ańkárá ẹgbẹ́jọdá ti di léèsì, àmọ́ igba náírà tí ìjọba tẹ̀ jáde lọ́dún 2000 la ṣì ń ká wọ ihò àpótí.

Ìkórè tún ń bọ̀. Kí ẹ tó ra aṣọ, ẹ kọ́kọ́ lọ bá akápò ìjọ yín, kí ẹ bi í léèrè iye tí ẹ ṣì jẹ. Bí ẹ ò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, ẹ san díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ san díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí onílù gbọ́.